Ẹ Má Jẹ́ Kí Àpótí Gbé Ọkọ̀ Mì

Ìwó jìnnà sí òkun. Odò Ọbà ni omi tí wọ́n fi mọ̀ wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní Ìwó Olódò Ọbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kò ṣàjèjì sí wa. Bowen University tó wà nílùú yìí gan-an, orúkọ Thomas Jefferson Bowen ló ń jẹ́, òyìnbó ajíhìnrere tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1850. Bẹ́ ẹ bá sì wọ pálọ̀ àwọn èèyàn wa, ẹ lè rí ọkọ̀ ojú omi onígi lórí tábìlì: èyí tí bàbá tó fẹ̀yìn tì ní èbúté Apapa gbé bọ̀ wálé, tàbí èyí tí ẹ̀gbọ́n rà ní ọjà iṣẹ́ ọnà ní Lekki.

Eruku kò ní jẹ́ kó gbádùn. Ọwọ́ ọmọdé náà kò ní jẹ́ kó sinmi, torí okùn tín-ín-rín ni wọ́n fi so ìgbòkun rẹ̀. Ohun tó kàn ni kí a pe káfíńtà kó bá wa kan àpótí onígíláàsì. Káfíńtà á béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo lẹ fẹ́?" Àwa náà á ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kó dán gan-an!" Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń bàjẹ́.

Èrò tèmi ni pé ọkọ̀ ni ọ̀gá, àpótí ni ìránṣẹ́. Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ yẹn fi ọjọ́ púpọ̀ jókòó tì í. Ó ha á, ó fi sáńpépà pa á, ó so okùn rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé etí àpótí aláwọ̀ góòlù ni ojú àlejò kọ́kọ́ lọ, a ti fi owó ara wa pa iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni rẹ́. Àwọn àgbà ṣáà ní aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ Yorùbá kan tó mọ ọ̀rọ̀ yìí dójú àmì. Yinka Shonibare, tí wọ́n bí ní London ní 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, ṣe ọkọ̀ kan tó jọ HMS Victory, ọkọ̀ tí Nelson wà nínú rẹ̀ lójú ogun Trafalgar ní 1805. Inú ìgò ńlá ló gbé e sí. Ìgò náà gùn tó mítà 4.7, ó sì fẹ̀ tó mítà 2.8. Ní 2010 wọ́n gbé e sórí Fourth Plinth ní Trafalgar Square, láti 2012 ló sì ti wà níta National Maritime Museum ní Greenwich. Ìgbòkun 37 ló ta sórí ọkọ̀ náà, aṣọ oníbátánì bí àǹkárá ni gbogbo wọn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe sí ìgò náà. Ó fi í sílẹ̀ kó mọ́ gaara. Kò kùn ún láwọ̀, kò fi góòlù yí i ká. Ìdérí àti ìda tí wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀ pa ló kù. Àwọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀, orí ìgbòkun ló wà. Ìgò ńlá bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ lojú ń rí.

Ẹlòmíì á ní, "Ẹ gbà á o, àwa Yorùbá fẹ́ràn àwọ̀." Òótọ́ ni. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, agbẹ́gilére tó kú ní 1938, fi àwọ̀ kun ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ìkéré, èyí tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn Wembley ní 1924 tó sì wà ní British Museum títí di òní. Ṣùgbọ́n ara iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ kun àwọ̀ sí. Kò kùn ún sára àpótí.

Báwo la ṣe máa wá yan àwọ̀? Ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń pín àwọ̀ ti tó wa lò: funfun, pupa, dúdú. Ẹ gbé ọkọ̀ yín síta ní òwúrọ̀, kí ẹ wo èwo ló jọba lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ igi arère ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìdílé funfun ló wà. Ọ̀gànwó ńkọ́? Pupa ni. Ìrókò tuntun máa ń pọ́n bí oyin díẹ̀, tó bá pẹ́ á máa dúdú lọ. Bí wọ́n bá sì ti kun ọkọ̀ náà lọ́dà dúdú nísàlẹ̀, ẹ ti rí àwọ̀ kejì nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a ní kí káfíńtà ṣe àpótí kó bá ọkọ̀ mu rẹ́gí. Pupa méjì tó fẹ́ jọra tí kò jọra máa ń dà bí ìgbà tí èèyàn wọ bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo ayé á mọ̀ pé wọn kì í ṣe ìkan náà. Ó sàn kí àpótí dúdú ju ọkọ̀ lọ ní ìpele kan tàbí méjì, kó sì jẹ́ pé ara ọkọ̀ náà la ti yá àwọ̀ ọ̀hún. Ọkọ̀ ọ̀gànwó tó ní ọ̀dà dúdú nísàlẹ̀ á dùn ún wò lórí pátákó tó dúdú díẹ̀. Ọkọ̀ arère fẹ́ pátákó tó ní àwọ̀ bí kọfí, torí funfun lórí funfun á sọ nù. Bí ọkọ̀ náà bá sì dúdú látòkè délẹ̀, ẹ yí i padà: ẹ fún un ní pátákó tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí ara rẹ̀ lè yọ.

Ọ̀rọ̀ dídán ńkọ́? Ẹ rántí pé gíláàsì fúnra rẹ̀ ti ń dán. Bí fáníìṣì ìdí àpótí bá tún ń kọ yànrànyànràn, iná pálọ̀, fèrèsé àti tẹlifíṣàn ni ẹ ó máa rí nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń síprèé pé matt lẹ fẹ́, tàbí satin tó ń dán wẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí igi tó yí gíláàsì ká tín-ín-rín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi dígí sẹ́yìn rẹ̀, àyàfi tí ẹ bá fẹ́ máa rí ojú ara yín láàárín ìgbòkun.

Àwọ̀ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yìí o. Fáníìṣì lè pa ọkọ̀. Fáníìṣì tí kò tíì gbẹ dénú, MDF àti àwọn igi kan bíi oak máa ń tú èémí kíkan jáde. Èémí yẹn kò ríbi gbà nínú àpótí tí a ti pa dé. Bí ìdákọ̀ró tàbí àgbá ọkọ̀ náà bá jẹ́ òjé, èémí yìí á jẹ ẹ́ títí á fi di ìyẹ̀fun funfun. Àwọn tó ń tọ́jú irú ọkọ̀ wọ̀nyí ní mùsíọ́mù mọ àrùn yìí dáadáa. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá kun àpótí tán, ẹ ṣí i sílẹ̀ fún bí oṣù kan kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò kéékèèké sẹ́yìn rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Ẹ má sì gbé e síbi tí oòrùn á ti máa nà án, torí oòrùn á ṣá àwọ̀ ìgbòkun, ọyẹ́ á sì la igi.

Ibi tí ẹ̀kọ́ òfin tí mo kà ti wúlò rèé. Ìjà àwa àti káfíńtà kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. "Èyí kọ́ ni mo ní kí ẹ ṣe" ló máa ń dá a sílẹ̀. Ẹ má fi fọ́tò orí fóònù yan àwọ̀, torí ojú fóònù ń parọ́. Ẹ ní kí káfíńtà kun àwọ̀ náà sórí pèlébé igi tó máa lò gan-an, torí fáníìṣì kan náà kì í jáde bákan náà lórí ọ̀gànwó àti lórí pílíwúùdù. Ẹ gbé pèlébé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ tún wò ó lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù ilé yín. Bó bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ̀yin méjèèjì kọ orúkọ àti déètì sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Pèlébé igi yẹn ti di ẹ̀rí. Òfin títa ọjà tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ti wà láti 1893, ní bí a bá fi àpẹẹrẹ ta ọjà, ọjà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ mu. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 2018, náà gbà bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní kẹ́ ẹ gbé káfíńtà àdúgbò lọ sí kóòtù o! Ohun tí mò ń sọ ni pé pèlébé náà ń gba ẹ̀yin méjèèjì lọ́wọ́ ìjà. Káfíńtà náà kò ní fẹ́ kun iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tún wá yọ owó rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kí ló kan àwọ̀ àpótí nígbà tí nǹkan le báyìí. Ṣé ẹ rí i, owó le, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ ká ná an lẹ́ẹ̀mejì. Fáníìṣì tó dán wẹ́rẹ́ kò gba agbára ju èyí tó ń kọ yànrànyànràn lọ. Ìbéèrè díẹ̀ ló fẹ́, àti sùúrù oṣù kan.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wá, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ kàn jẹ́ kí àlejò wọlé. Bó bá ní, "Ọkọ̀ yìí mà dáa o, ta ló gbẹ́ ẹ?" ẹ san owó káfíńtà tó kù, kí ẹ tún fún un ní owó mínírà. Bó bá ní, "Ṣókéèsì yìí mà dáa o," ẹ ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe.