Bí Ìrántí Bá Ń Yẹ̀ Lọ́wọ́ Ìyàwó Ilé

Ẹ̀yin abiyamọ, bí ọbẹ̀ bá jóná lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan nínú agbo ilé kan ní Ìwó, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi sọ pé ìyàwó náà kò fọkàn sí ilé ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé àìsàn ni. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní bipolar. Ní àkókò kan, inú aláìsàn a ru sókè, kò ní fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ a pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, yóò sì máa ná owó ní ìnákúnàá; ní àkókò mìíràn, ìbànújẹ́ a bò ó, ara a sì wúwo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé, lẹ́yìn tí ìjì náà bá ti rọlẹ̀ pàápàá, ìrántí lè máà tíì padà bọ̀ sípò. Obìnrin tí ó ń hun aṣọ òkè lè máa ka òwú kan náà ní àkàtúnkà. Ó lè dé ọjà kí ó má mọ ohun tí ó wá rà mọ́.

Àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń fa èyí. Àìsùn ń dá kún un. Àwọn oògùn kan sì lè mú kí ọpọlọ lọ́ra. Dókítà ni kí ẹ jẹ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ó bá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, ewu ni ó ń fà lẹ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń ronú àtilóyún, kí ó tètè sọ fún dókítà, nítorí oògùn valproate lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé ní àwọn ìletò tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, olúkúlùkù sì ní láti mú ìbátan kan wá tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí lójú tèmi: ohun tí aláìsàn bá gbàgbé, ẹnì kejì lè rántí rẹ̀.

Nínú ilé, ọkọ tàbí ìyá ọkọ lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí wọ́n máa bá a ṣọ́ àkókò oògùn, láìsí ẹ̀gàn. Kí kọ́kọ́rọ́, owó oúnjẹ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ní ààyè kan ṣoṣo. Kí ó parí iṣẹ́ kan kí ó tó mú òmíràn. Kí ó máa kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn alájọ, tí iyè wọn pé, kì í gbowó láìfi àmì sí káàdì.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ ni ó gba ìṣọ́ra jù, nítorí àìsàn náà sábà máa ń padà nígbà náà. Kí ẹlòmíràn máa gba ọmọ ní òru, kí ìyá lè sùn. Bí kò bá sùn fún òru méjì, tí ọ̀rọ̀ sì ń pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ àdéhùn. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìtọ́jú àrùn ọpọlọ, ọkọ̀ láti Ìwó sì ń lọ sí Ìbàdàn lójoojúmọ́.