Olórin Tí Kì í Ki Olówó

Ní òde ìnáwó wa, kò sẹ́ni tí kò mọ bí olórin ṣe ń jẹun. Bó bá ti rí olówó tó ń jó bọ̀, á yí orin padà, á dárúkọ bàbá tó bí i, onígángan á sì gbè é. Kó tó kan oríkì ìyá, owó ti lẹ̀ mọ́ òógùn iwájú orí rẹ̀. Iṣẹ́ iyì ni, ọ̀pọ̀ ìtàn ìdílé ni ì bá ti parun láìsí i. Ṣùgbọ́n olórin kan tún wà tó ń kọ orin ara rẹ̀, tó dá dúró, tí kì í ki olówó. Ta ló ń bọ́ ọ?

Ẹ wo Ṣẹ́gun Akínlolú, tí a mọ̀ sí Beautiful Nubia. Iṣẹ́ dókítà ẹranko ló kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àmọ́ orin ló borí. Àwo Seven Lifes jáde ní 1997; Jangbalajugbu jáde ní 2002, inú rẹ̀ sì ni Òwúrọ̀ Lọjọ́ wà, orin tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lórí.

Ohùn rẹ̀ kì í pariwo. Gìtá á máa rọra dún láàárín ìlù ilẹ̀ wa, òun á lé, àwọn elégbè nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Roots Renaissance Band, á gbè é, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ṣe ń dá orin àlọ́ lábẹ́ òṣùpá tí àwọn ọmọ sì ń gbè é. Ọ̀rọ̀ ìwà, ìrètí àti ìlú tó yẹ kó dára jù báyìí lọ ló ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi Kánádà ṣe ibùgbé, síbẹ̀ ó ń wálé wá kọrin.

EniObanke, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ló ń gbé àwo rẹ̀ jáde. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn tí ìjà dé láàárín King Sunny Adé, olórin jùjú, àti ilé iṣẹ́ African Songs tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde, Sunny náà dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Sunny ní òde àríyá lẹ́yìn. Olórin tí kò gbójú lé òde àríyá, ẹni tó ra àwo àti ẹni tó san owó ìwọlé ló ní. Àwo ayédèrú kan tí a rà lẹ́bàá ọ̀nà, owó yàrá ìgbohùnsílẹ̀ àti owó onílù la mú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí orin irú àwọn olórin bẹ́ẹ̀ bá ti tù yín nínú rí, ẹ jọ̀wọ́, ojúlówó ni kí ẹ rà.