Sódábì: Ta Ni Kí Ó Mu Ún, Báwo Ni Kí Ó Mu Ún?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ìnáwó wo ni à ń ṣe ní agbègbè wa, ìbáà ṣe ìkómọ, ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, tí a kì í bá sódábì níbẹ̀? Àwọn kan nínú wa kì í fẹnu kàn án rárá, a kò sì ní bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń mu ún ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní ọmọ ìdílé Sodabi kan ní Alada, tí ó bá àwọn Faransé ja ogun 1914 sí 1918, ni ó mú ọgbọ́n náà bọ̀ láti ọ̀hún. Ọtí àjàrà ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Ẹmu ni tiwa. A ó da ẹmu tó ti kan sínú àgbá, a ó gbé e kaná, ooru rẹ̀ yóò gba inú páìpù tó la omi tútù kọjá, ọtí yóò sì máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Èyí tó kọ́kọ́ kán, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tà á. Ohun tí a fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ sè, kí ló dé tí a ó fi dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń mu àgbo?

Bíà sábà máa ń ní ọtí gidi 5 nínú 100. Sódábì a máa ní 40, òmíràn a sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ife kékeré kan tó gba sẹ̀ǹtílítà 4 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìgò bíà kékeré dọ́gba, ẹ̀dọ̀ yóò sì lò ju wákàtí kan lọ kó tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ẹ jẹun kí ẹ tó mu ún, ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́, ẹ máa tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí yóò gun alùpùpù relé, kó fi í sílẹ̀. Aboyún kò gbọdọ̀ mu ún rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fara mọ́, pé ó ń ṣe ara lóore, pé ó ń pa jẹ̀díjẹ̀dí, pàápàá bí a bá rẹ egbò igi sínú rẹ̀. Láti 1988 ni àwọn onímọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Ní 2023, Àjọ náà sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí a lè pè ní aláìléwu. Ẹ mu ún fún adùn rẹ̀, ẹ má pè é ní oògùn. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ìwé Pọ́ọ̀lù Mímọ́ sí Tímótì gbèjà ara rẹ̀, kó tún ibẹ̀ kà dáadáa: ọtí àjàrà ni, díẹ̀ sì ni!

Ayédèrú ló burú jù. Ní 2015, ní Òde-Ìrẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Nàìjíríà, ògógóró, tíí ṣe iyèkan sódábì, pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ojú àwọn kan fọ́ kí wọ́n tó kú. Methanol ló fà á. Ojú kò lè dá a mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n. Àṣà wa dára, pé kí ẹni tó gbé ọtí wá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n kò tó, nítorí methanol kì í pani lójú ẹsẹ̀. Ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ ibi tó ti ń sè é. Bí ẹnìkan bá mu ún lálẹ́, tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú lọ́jọ́ kejì, ẹ má wí pé ọtí àná ni. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.