Ìwé Ń Purọ́, Omi Ń Pànìyàn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ wa, àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí a kò bá tọ́jú lè di ọ̀tá ẹni.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, òjò ńlá gbá ìgbẹ́ màlúù wọ inú kànga ìjọba kan ní Walkerton, ìlú kékeré kan ní Kánádà. Ènìyàn 7 kú, àwọn tó lé ní 2,000 sì ṣàìsàn. Kílórììnì ni oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, ojoojúmọ́ ló sì yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ̀n ọ́n. Wọn kì í sábà wọ̀n ọ́n. Ńṣe ni wọ́n kàn ń kọ 0.5 tàbí 0.75 sínú ìwé. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Dennis O'Connor darí sọ pé ká ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi láìdúró wà lórí kànga náà ni, àjálù yẹn ì bá má ṣẹlẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́? Ọ̀kan ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú omi. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á fọ́n ká, ẹ̀rọ á sì mọ bó ṣe pọ̀ tó. Èkejì ń wọn kílórììnì tó ṣẹ́ kù. Wọ́n ń fi iye tí wọ́n rí ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ wáyà tàbí rédíò, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bí kílórììnì bá dín jù, agogo á dún, ẹ̀rọ sì lè pa pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kọ̀ǹpútà á ṣàkójọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá àti ìjọba.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ. Ẹ̀rọ tí a kò bá nù, tí a kò sì ń dán wò déédéé, yóò purọ́ bí ènìyàn. Bí iná bá sì lọ tí kò sí bátìrì, ó di afọ́jú. Ènìyàn ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà láàárín wa, iṣẹ́ yín nìyẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá irọ́ ní Walkerton, ṣùgbọ́n ènìyàn 7 ti lọ kó tó dé. Kí òtítọ́ lè tètè dé la ṣe nílò ẹ̀rọ yìí.