Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àtọ̀gbẹ kì í dá rìn

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ṣúgà bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ alátọ̀gbẹ fún ọdún pípẹ́, a máa jẹ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ikán ti í jẹ òpó ilé tí onílé kò sì ní gbọ́ ìró kankan. Àwọn iṣan tín-ín-rín inú ojú, ojú tí í ṣe ọba ara, àti ti kíndìnrín a bàjẹ́. Àwọn ńláńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn, ọpọlọ àti ẹsẹ̀ a sì dí.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni ó dùn mí jù. Nígbà tí iṣan ìmọ̀lára bá ti kú, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dé ọmọ ìka dáadáa mọ́, ènìyàn lè tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ kí ó má mọ̀, títí egbò náà yóò fi kẹ̀, tí dókítà yóò sì ní kí a gé ẹsẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò: ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ yín wò lálaalẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ọ̀rẹ́ burúkú tí ó sábà ń bá àtọ̀gbẹ rìn. Nínú ìwádìí ńlá kan ní ìlú Ọba, tí èsì rẹ̀ jáde ní 1998, rọpárọsẹ̀ fi ìdá 44 nínú 100 dín kù láàárín àwọn alátọ̀gbẹ tí a ká ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lọ́wọ́ kò gidigidi. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ yẹ ṣúgà wò, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá yín pẹ̀lú.