Ta Ló Yẹ Kó Fọwọ́ Kan Ẹṣin Tó Ń Tiro?

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní fisiotẹ́rápíìsì, ìyẹn ẹni tó ń fi ìfọwọ́ra àti ìrìn tọ́jú oríkèé àti iṣan, láìjẹ́ pé orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà ti rú òfin. Ṣùgbọ́n bó bá ti ní ti ẹranko lòun, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí kò sí òfin tó dáàbò bo orúkọ yẹn. Ẹni tó gboyè ní yunifásítì, tó tún kẹ́kọ̀ọ́ kún un lórí egungun àti iṣan ẹranko, àti ẹni tó lo òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì lè kọ sára ọkọ̀ wọn. Àwọn méjèèjì ló ń wọ ibùso, tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé ẹṣin tí làkúrègbé ti mú ní oríkèé, àwọn méjèèjì ló sì ń gbowó. Ẹni tó ni ẹṣin dúró tì wọ́n, kò mọ èwo ni ojúlówó.

Kì í ṣe pé òfin kò sí rárá. Òfin Veterinary Surgeons Act ti ọdún 1966 fi àyẹ̀wò àti ìwòsàn ẹranko sí ìkáwọ́ dókítà ẹranko. Àṣẹ kan tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2015 gbà pé ẹlòmíràn lè fi fisiotẹ́rápì tọ́jú ẹranko, bí dókítà bá ti yẹ ẹran náà wò tó sì ní kí wọ́n ṣe é fún un. Ibi tí iyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni pé Royal College of Veterinary Surgeons, tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ẹranko níbẹ̀, gbà pé ẹṣin tí ara rẹ̀ le kò nílò àṣẹ dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ ra á lára kí ara rẹ̀ má bàa gan. Ó dára lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ara ẹṣin le? Ẹṣin ọlọ́dún 18 tí kì í fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lówùúrọ̀, ẹni tó ni ín á ní ogbó ló dé. Bí ẹni tí wọ́n pè wá fọwọ́ ra á kò bá darí wọn sọ́dọ̀ dókítà, oríkèé tó ti ń bàjẹ́ á máa bàjẹ́ lọ lábẹ́ ọwọ́ ẹni tó rò pé òun ń ṣoore.

Ẹgbẹ́ tó ń kó àwọn oníṣẹ́ yìí jọ ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìwé orúkọ tirẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ gboyè lórí ìtọ́jú ènìyàn kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ ẹranko gbà pé ọ̀nà tiwọn ló jinlẹ̀ jù. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ lórí ẹranko láti ìbẹ̀rẹ̀ ní kí ni ẹsẹ̀ ènìyàn fẹ́ kọ́ni nípa ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń gbé bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwúwo ara rẹ̀ lé ẹsẹ̀ iwájú. N kò rí ìdí tí a ó fi gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan. Ìforúkọsílẹ̀ tí ènìyàn lè kọ̀ láìjìyà kì í dáàbò bo ẹṣin. Ìtàn iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ tó láti kọ́ wọn lọ́gbọ́n: lọ́dún 1894, nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló dá ẹgbẹ́ tó padà di ti àwọn fisiotẹ́rápíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, nítorí pé àwọn ayédèrú ti ń ba iṣẹ́ ìfọwọ́ra lórúkọ jẹ́. Ohun tí wọ́n gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà ni ẹṣin ṣì ń fara gbá títí di òní.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ àti ìwé ẹ̀rí kọ́ ló ká mi lára jù. Èyí tó ṣòro jù ni bí a ṣe ń mọ̀ pé ara tu ẹṣin lóòótọ́. Ènìyàn tí orúnkún ń dùn á sọ fúnra rẹ̀ pé ó ti ń fúyẹ́. Ẹṣin kò lè sọ ọ́. Ẹran tí àwọn apẹranjẹ ń dọdẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni, èyí tó bá sì fi àárẹ̀ hàn nínú agbo ni ọ̀tá ń kọ́kọ́ mú. Ó ti mọ́ ọn lára láti fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun. Nígbà tí títiro rẹ̀ bá fi máa hàn sójú gbogbo ayé, ìrora náà ti pẹ́ lára rẹ̀.

Ojú àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà pàápàá kò ríran dọ́gba. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2010, wọ́n ní kí àwọn dókítà tó mọ ẹsẹ̀ ẹṣin dunjú wo àwọn ẹṣin kan náà. Níbi tí títiro ti hàn gbangba, ohùn wọn ṣọ̀kan ní nǹkan bí ìgbà 93 nínú 100. Níbi tí kò ti pọ̀, ìṣọ̀kan yẹn já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìgbà 62 nínú 100. Ẹ má sì gbàgbé pé títiro tí kò pọ̀ yìí ni làkúrègbé máa ń fi bẹ̀rẹ̀, òun náà sì ni wọ́n sábà máa ń torí rẹ̀ pe fisiotẹ́rápíìsì.

Ti ẹni tó ni ẹran tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí mìíràn jáde lọ́dún 2012 lórí ajá tó ní àrùn oríkèé. Àwọn tó ni ajá rí ìtura lára ajá tí ohun tí wọ́n fún un kò ní oògùn kankan nínú, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń wọn bí ajá náà ṣe ń tẹ ilẹ̀ kò rí ìyàtọ̀. Àwọn dókítà tó ń wò wọ́n náà bọ́ sínú àṣìṣe kan náà. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ìfẹ́ ẹran wọn ló jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń retí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ajá tó ń gbé inú ilé pẹ̀lú wa, kí ni a ó wá sọ nípa ẹṣin tí ẹni tó ni ín ń rí fún wákàtí kan lóòjọ́, tó ti náwó lé lórí, tó sì ń wá bí yóò ṣe gùn ún ní Sátidé? Ẹni tó gbowó ní ó ti sàn, ẹni tó sanwó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni kẹta tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kò lè jẹ́rìí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn ìwọ̀n ìrora tí wọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́wàá ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ṣe ẹṣin lóore ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ. Lọ́dún 2014 ni àwọn onímọ̀ gbé ọ̀kan jáde tó ń ka ìrora lójú ẹṣin. Àmì mẹ́fà ni wọ́n ń wò, lára wọn ni etí tó le sẹ́yìn, ìpéǹpéjú tó fún pọ̀, iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yọ síta, ẹnu àti ihò imú tó le koránkorán. Òmíràn wà fún ẹṣin tí ènìyàn wà lẹ́yìn rẹ̀: ìwà 24 ni wọ́n kọ sílẹ̀, bí ẹṣin bá sì hu mẹ́jọ nínú wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe gan-an kí ìrora wà níbì kan. Jíju ìrù ṣáá wà níbẹ̀, yíya ẹnu wà níbẹ̀, kíkọ̀ láti rìn wà níbẹ̀. Mélòó nínú irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti nà ní pàṣán pé olóríkunkun ni? Fisiotẹ́rápíìsì tó ń kọ irú àmì wọ̀nyí sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ẹṣin, tó tún kọ wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú.

Kí wá ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe? Kò lè sọ oríkèé tó ti jẹ di tuntun. Ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀, ẹ yẹra fún un. Ohun tó rọ̀ tó bo orí egungun ní oríkèé kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọnú rẹ̀. Omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìrìn ló sì ń jẹ́ kí oúnjẹ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìrìn tó mọ níwọ̀n ni ìpìlẹ̀ gbogbo ìtọ́jú. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ fi oúnjẹ tan ẹṣin mẹ́jọ láti máa na ọrùn sísàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Iṣan tó di eegun ẹ̀yìn wọn mú sì nípọn sí i. Lọ́dún 2013, àwọn mìíràn mú ẹṣin 16 tí orúnkún ẹsẹ̀ iwájú wọn ní àrùn oríkèé, wọ́n mú apá kan rìn lórí ẹ̀rọ ìrìn inú omi, wọ́n sì mú àwọn yòókù rìn lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn tó rìn nínú omi ló dúró déédéé jù. Ẹṣin mẹ́jọ àti ẹṣin 16 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni. Ti aṣọ onímágínẹ́ẹ̀tì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olówó ńlá tí wọ́n ń gbé kiri ibùso tún kéré ju èyí lọ, síbẹ̀ àwọn ni ìpolówó wọn ń pariwo jù.

Àríyànjiyàn kan tún wà tó ń ṣe ẹṣin níbi. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan ń polówó ara wọn bí ẹni tó fẹ́ gba ẹṣin lọ́wọ́ oògùn. Phenylbutazone, tí gbogbo ibùso mọ̀ sí bute, ni wọ́n sábà máa ń nàka sí. Òótọ́ ni pé ó lè dá egbò sínú ikùn àti ìfun, ó sì lè pa kíndìnrín lára bí wọ́n bá ṣì í lò. Òótọ́ tún ni pé FEI, àjọ tó ń ṣàkóso eré ẹṣin lágbàáyé, kò gbà á láàyè lára ẹṣin tó ń díje. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí ìrora kò jẹ́ kó rìn kò lè jàǹfààní ìrìn tí fisiotẹ́rápíìsì là kalẹ̀ fún un. Oògùn tí dókítà wọ̀n dáadáa ló ń ṣínà fún iṣẹ́ ọwọ́, àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Ìkà ni ẹni tó ń fi oògùn pa ìrora mọ́ kí ó lè gun ẹṣin tó yẹ kó sinmi. Ẹni tó fi ẹṣin sílẹ̀ nínú ìrora nítorí pé oògùn kò bá ìlànà tirẹ̀ mu, ìkà lòun náà.

Èyí tó tilẹ̀ ṣe pàtàkì jù nínú ìtọ́jú yìí kò ní ẹni tó ń polówó rẹ̀. Kí ẹṣin má sanra jù, nítorí oríkèé tó ń dùn ló ń gbé ẹrù náà. Kí pátákò má kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n tó gé e kó dọ́gba. Kí ó wà ní pápá tó ti lè rìn, dípò kí wọ́n sé e mọ́ yàrá ní ọ̀sán àti òru. Kí wọ́n fẹsọ̀ mú un rìn ní bí ogún ìṣẹ́jú kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Kí iṣẹ́ rẹ̀ máa lọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n má ṣe fi sílẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n wá gùn ún ní àgùnpa lọ́jọ́ keje. Kí gàárì bá ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Fisiotẹ́rápíìsì rere máa ń rí ẹṣin léraléra ju dókítà lọ. Bó bá lo àǹfààní yìí láti kọ́ olùtọ́jú ẹṣin ní àwọn nǹkan wọ̀nyí, ó ti ṣe ju wákàtí kan ìfọwọ́ra lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé náà. Ọdọọdún ni ẹṣin ń gbé àwọn ọmọ balógun àti ti eléṣin jáde níbi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, a sì ń gbá póló ní Èkó àti Ìbàdàn. Gbogbo ojú ló ń wo aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó yẹ kí ẹnì kan wo ẹsẹ̀ ẹṣin lọ́jọ́ kejì. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ dókítà ẹranko, ó sì ń kọ́ fisiotẹ́rápíìsì. Kò yẹ kó ṣòro fún ẹ̀ka méjèèjì láti jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí kí a tó kó àlàfo tó wà nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọlé tọ̀ wá.

Ní tèmi, ó yẹ kí òfin dáàbò bo orúkọ náà, nítorí iṣẹ́ gidi ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ló sì ń jìyà ayédèrú jù lẹ́yìn ẹṣin. Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹṣin, ẹ bi ẹni tí ẹ fẹ́ gbà síṣẹ́ ní ìbéèrè mẹ́ta. Dókítà wo ló ti yẹ ẹṣin yìí wò? Kí lo fẹ́ wọ̀n kí o tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo lo sì máa tún un wọ̀n? Kí ni èmi fúnra mi máa máa ṣe fún un lójoojúmọ́ bí o bá ti lọ? Ẹni tí kò bá lè dáhùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má ṣe jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹṣin yín.