Àbo ni Jíjẹ, Ìṣágẹrẹ Kì Í Ṣe Jíjẹ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa tí à ń gba ọ̀nà oko relé, tí ọwọ́ wa kì í dilẹ̀ lára igi, mo fẹ́ ká mọ méjì yìí yàtọ̀.

Àbo ni ti jíjẹ. Ewé rẹ̀ máa ń ta sánsán téèyàn bá fọwọ́ ra á. Tí èso rẹ̀ bá pọ́n, á di yẹ́lò, á sì rọ̀. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ tu kóró rẹ̀ nù.

Ìṣágẹrẹ ni ti ọfà. Ó máa ń fà mọ́ igi mìíràn. Ewé rẹ̀ nírun, méjì-méjì ló sì ń kọjú síra. Létí òdòdó rẹ̀, ẹ óò rí nǹkan tín-ín-rín tó gùn, tó ń já wálẹ̀ bí okùn. Èso rẹ̀ máa ń yà sọ́tùn-ún sósì bí ìwo màlúù. Tó bá gbẹ tó là, kóró rẹ̀ á máa fò bí òwú. Kóró yìí làwọn ọdẹ àtijọ́ fi ń ṣe oró sẹ́nu ọfà. Ọkàn ẹran ló ń dá dúró, bẹ́ẹ̀ náà ni tèèyàn.

Lára ìbátan rẹ̀ kan ni Thomas Fraser ti yọ oògùn ọkàn, strophanthin, ní Edinburgh. Ṣùgbọ́n dókítà ló ń wọn oògùn yẹn. Ẹnu wa ò ní òṣùwọ̀n.

Nítorí náà, ẹ má fi ìṣágẹrẹ run orín, ẹ má fi gún ẹran sun, ẹ má sì fi kóró rẹ̀ ṣeré. Èyí tẹ́ ẹ ò bá dá mọ̀, ẹ bi àgbà kẹ́ ẹ tó já a.